Linux, Sẹ́kíìtì, àti Imú Bàbá Àgbà

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí bẹ̀rẹ̀ láti ara láptọ́ọ̀pù kan tó ti dàgbà. Ó ti ju ọdún mẹ́jọ lọ tí a ti rà á. Nígbà tí Microsoft ṣíwọ́ lórí Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tiwa wà lára àwọn tí kò lè gba Windows 11. Owó láti ra òmíràn kò sì sí nílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ mi bá jókòó, ó fi Linux Mint sí i. Láptọ́ọ̀pù náà jí bí ẹni tó mu àgbo. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú wa sì ń dùn.

Ayọ̀ yẹn kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, ti iléèwé dé, ó ní wọ́n ní kí àwọn ṣe iná kékeré kan tí á máa ṣẹ́jú: á tàn, á kú, á tún tàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà rárá, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ to sẹ́kíìtì náà sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n wò ó bóyá ó máa ṣiṣẹ́. Sọ́fítíwíà tí iléèwé ń lò, Windows nìkan ló mọ̀. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ nílé, kò ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ó ní, "Mọ́mì, láptọ́ọ̀pù yìí ò wúlò. Èmi nìkan ni mi ò ní lè ṣe é nílé."

Ká má purọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n ra tuntun, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Mo ti ṣí ojú ìwé ilé ìtajà kan, mo ti ń wo iye tí wọn á máa yọ lóṣooṣù. Bàbá mi ló dá mi dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nípa Bàbá mi. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe kí wọ́n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù níbí. Nígbà yẹn, rédíò ni ọba inú ilé. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà ń pè é, torí pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, kì í gba èsì. Ìbàdàn náà ni tẹlifíṣàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn WNTV, ní ọdún 1959, nítorí náà ẹni tó bá mọ inú ẹ̀rọ dáadáa kì í wáṣẹ́ tì. Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀ kò bi Bàbá léèrè ohun tí wọ́n mọ̀. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé tí mo fi wà lọ́mọdé, rédíò àwọn ará ìjọ àti ti aládùúgbò máa ń kún orí tábìlì wa, òórùn òjé yíyọ́ á sì gba gbogbo ilé. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, Bàbá padà sí Ìbàdàn.

Báyìí, gbogbo ọjọ́ Àìkú, láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwa, a máa ń rí ara wa lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín mọ irú ìpè yẹn. Ọmọ á gba fóònù: "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá àgbà." "Ìyá mi! Ṣé dáadáa ni?" "Dáadáa ni." "Iléèwé ńkọ́?" "Dáadáa ni." Ó tán. Ọmọ á wo ojú mi, á gbé fóònù fún mi. Ìyá mi ni Bàbá ń pè é torí pé ọdún kejì tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí i. Ìfẹ́ tó wà láàárín wọn pọ̀, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn ni kò pọ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èsì ò sí.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn ni mo ṣàròyé láptọ́ọ̀pù fún Bàbá. Wọ́n ní, "Kí lọmọ náà fẹ́ ṣe gan-an?"

"Sẹ́kíìtì ni, Bàbá. Iná tó ń ṣẹ́jú."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Sẹ́kíìtì kẹ̀? Má ra nǹkan kan o. Linux tẹ́ ẹ ní ẹ ń lò yẹn, ṣé o ti wò ó bóyá kò ní tirẹ̀? Ọjà téèyàn ò tíì ná, a kì í sọ pé ó wọ́n."

Mo lọ ná ọjà náà.

Ohun tí mo rí lọ́jà

Mi ò kàwé nípa iná o. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe jẹun. Ṣùgbọ́n alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé ìbéèrè mi gan-an ló wọ́. Mò ń béèrè pé, "Èwo ló dára jù?" Ó yẹ kí n béèrè pé, "Kí ni ọmọ yìí fẹ́ fi ṣe?" Sọ́fítíwíà sẹ́kíìtì pọ̀ lórí Linux ju bí mo ṣe rò lọ, èyí tó tó gẹ́ẹ́ fún ẹnjiníà sì lè lé ọmọ ọdún 13 sá kúrò nídìí iná títí ayé.

Ìdílé kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Baba ńlá wọn ni SPICE, tí Laurence Nagel àti olùkọ́ rẹ̀, Donald Pederson, gbé jáde ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley ní ọdún 1973. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé: ẹ sọ fún un pé wáyà báyìí so bátìrì mọ́ nǹkan báyìí, á bá yín ṣírò iye iná tó máa gba ibì kọ̀ọ̀kan kọjá, kí ẹ tó náwó, kí ẹ tó jó nǹkan kan. Berkeley kò tì í mọ́lé. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn mú un lọ, ìdí nìyẹn tó fi bímọ púpọ̀. Ngspice tó wà lórí Linux lónìí, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni.

Ngspice fúnra rẹ̀ kò ní àwòrán tí ọmọdé á máa tẹ̀; ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ fún un. KiCad ló ń fún un lójú. Ará Faransé kan, Jean-Pierre Charras, ló bẹ̀rẹ̀ KiCad ní ọdún 1992. Nígbà tó yá, CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì ńlá tó wà nítòsí Geneva, náà ràn án lọ́wọ́. Ẹ lè ya sẹ́kíìtì nínú rẹ̀, kí ngspice bá yín ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì ya pátákó tí wọ́n máa tò ó sí, títí dé ibi tí ilé iṣẹ́ á ti bá yín ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá ń lo Linux Mint, ẹ ṣí Software Manager, ẹ kọ KiCad síbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ràn terminal lè kọ: sudo apt install kicad ngspice. Mo fi sórí láptọ́ọ̀pù wa, mo ṣí i, mo wo ojú rẹ̀, mo rọra pa á dé. Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà wọ ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ó di ọjọ́ iwájú.

Àwọn kan á sọ fún yín pé LTspice ni kí ẹ lò. Kò burú, wọn kì í sì í gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n Windows àti Mac ni wọ́n ṣe é fún. Kó tó ṣiṣẹ́ lórí Linux, ẹ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà Wine, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Linux gba sọ́fítíwíà Windows lálejò. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò lágbára àlejò láago mọ́kànlá òru.

Bó bá jẹ́ pé Arduino ni ọmọ yín ń lò, ẹ wo SimulIDE. Ó ní ti Linux, ọmọ lè kọ kóòdù rẹ̀ kó sì rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó ra Arduino gidi. Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ní kíláàsì kọ̀ǹpútà ni AND, OR àti NOT, Logisim-evolution ni ẹ fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló mọ̀, ìyẹn náà sì tó. Tinkercad ńkọ́? Inú Firefox tàbí Chrome ló ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò bìkítà bóyá Linux lẹ ń lò. Ó ya bátìrì àti wáyà bí wọ́n ṣe rí gan-an, ó rọrùn fún ọmọ kékeré, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹ ṣí àkáǹtì, kò sì lè ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó mú wa lọ́kàn ni ti Paul Falstad. Java ni Falstad kọ́kọ́ fi ṣe é. Iain Sharp ló wá tún un ṣe kó lè máa ṣiṣẹ́ nínú Firefox àti Chrome láìfi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà. Kò béèrè orúkọ, kò béèrè àkáǹtì, kò gba kọ́bọ̀. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé ẹ máa rí iná tó ń rìn. Àmì kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè á máa tò tẹ̀lé ara wọn nínú wáyà bí ìjàlọ. Bí iná bá pọ̀, wọ́n á sáré. Bó bá kéré, wọ́n á máa wọ́. Bí ẹ bá gé wáyà níbì kan, gbogbo wọn á dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi tí mo ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ọjọ́ yẹn ni mo tó lóye pé iná gbọ́dọ̀ yípo padà síbi tó ti wá kó tó ṣiṣẹ́.

Àwọ̀ tí kò sí lójú kọ̀ǹpútà

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi ti to bátìrì fóltì 9, gílóòbù LED pupa kan àti rẹsísítọ̀ kan. Mo ní kó kọjú fóònù sí láptọ́ọ̀pù kí Bàbá lè rí i. Bàbá sún mọ́ fóònù tiwọn débi pé iwájú orí wọn nìkan là ń rí.

"Ìyá mi, kí ló ń ṣọ́ gílóòbù yẹn?"

Ọmọ wò mí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un: kí ni kò jẹ́ kí iná pa á?

"Rẹsísítọ̀ ni, Bàbá àgbà. Óòmù 470."

"Ó káre. Àwọ̀ wo ni?"

Ọmọ mi ò mọ̀, torí pé lójú kọ̀ǹpútà, ìlà wíwọ́ lásán ni rẹsísítọ̀, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tó bá délé ọjà, kò ní rí nọ́ńbà kankan. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sára rẹ̀. Ó sáré lọ mú páálí àwọn nǹkan kéékèèké tí a rà fún iṣẹ́ náà, ó da rẹsísítọ̀ sórí tábìlì, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà nìyí:

Dúdú ni òdo. Búráùn ni 1. Pupa ni 2. Àwọ̀ ọsàn ni 3. Ìyeyè ni 4. Àwọ̀ ewé ni 5. Aró ni 6. Àlùkò ni 7. Eérú ni 8. Funfun ni 9.

Àwọ̀ méjì àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ń sọ iye òdo tó tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà, 470 jẹ́ ìyeyè, àlùkò, búráùn: 4, 7, òdo kan. Ìlà kẹrin, tó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ góòlù, ń sọ bí nọ́ńbà náà ṣe péye tó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo nǹkan tó wà níbẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń wá ọ̀nà tí mo lè fi kọ́ ọmọ yìí ní àwọ̀ lédè Yorùbá. Mo ra ìwé aláwòrán, mo lẹ káàdì mọ́ ara fíríìjì. Dúdú, pupa, funfun nìkan ló dúró lórí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó gba mẹ́wàá, torí pé ó nílò wọn. Bí kò bá mọ àlùkò yàtọ̀ sí aró, iná rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́.

Àwọn àwọ̀ náà sì fa ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ó béèrè ohun tí ìyeyè jẹ́. Bàbá ní èso ni, kékeré, ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀; àwọn máa ń ṣà á nídìí igi tí àwọn bá ń bọ̀ láti iléèwé. Àlùkò ńkọ́? Ẹyẹ ni. Aró ńkọ́? Bàbá ní ìyá tiwọn gan-an, ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń pè é ní ìyá mi, aláró ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò ní aró. Èmi alára, mi ò gbọ́ ìyẹn rí. Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni mo ti jẹ́ ọmọ Bàbá, rẹsísítọ̀ ló sọ fún mi pé aláró ni ìyá wọn.

Láàárín gbogbo èyí, ọmọ mi ní, "Bàbá àgbà, ṣé o rí i?" Mo la ẹnu láti bá a wí pé, "Ṣé ẹ rí i." Bàbá gbọ́wọ́ sókè pé kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n ní, "Mo rí i, ìyá mi. Máa bá a lọ." Lẹ́yìn ìpè náà ni mo rọra sọ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ọ nínú yàrá: "Ṣé o... ṣé ẹ rí i?" Ó fúnra rẹ̀ tún un ṣe.

Kọ̀ǹpútà ò ní imú

Bàbá ní kó ṣe nǹkan kan fún àwọn. "Yọ 470 yẹn kúrò, kọ 1 síbẹ̀." Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àmì ìyeyè sáré débi pé ojú ò lè tẹ̀ lé wọn mọ́. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ sọ pé iná tó ń kọjá ti lé ní ámípíà 6. Irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ju 0.02 lọ. Síbẹ̀, ó ṣì ń tàn lójú kọ̀ǹpútà, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Bàbá ní, "Ẹ̀tàn nìyẹn. Gílóòbù gidi ti kú kó o tó ṣẹ́jú. Bátìrì kékeré yẹn pàápàá kò lágbára ámípíà 6. Ti inú kọ̀ǹpútà yín ni kì í rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n kò ní imú."

Wọ́n wá sọ fún un pé nígbà tí àwọn wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọ̀gá àwọn kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ fọwọ́ kan rédíò títí á fi ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, á fi gbóòórùn rẹ̀. Ó ní bí òórùn rẹsísítọ̀ tó jó ṣe rí, ó ní ti tiránsífọ́mà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Mo rò pé ìtàn lásán ni, títí di alẹ́ ọjọ́rú kan. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Ọmọ mi ti to gbogbo rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà: ẹ̀yà 555, èyí tí Hans Camenzind ṣe ní ọdún 1971 tí wọ́n ṣì ń tà káàkiri títí di òní, rẹsísítọ̀ óòmù 1,000, ìyẹn búráùn, dúdú, pupa, òmíràn óòmù 68,000, ìyẹn aró, eérú, ọsàn, àti kapásítọ̀ máíkírófáràdì 10. Lójú kọ̀ǹpútà, ó ń ṣẹ́jú bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ṣe sọ. Ó wá tò ó sórí pátákó oníhò bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ó fi bátìrì sí i. Kò ṣẹ́jú. Ó tú u, ó tún un tò. Kò ṣẹ́jú. Omi ti ń dé ojú rẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ̀ kò mọ ohun tá a lè ṣe, àfi ká máa sọ pé pẹ̀lẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú fóònù, ó pe Ìbàdàn. Ọjọ́rú ni o, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Kò sẹ́ni tó rán an.

Wọ́n ti múná lọ lọ́dọ̀ Bàbá. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti gbé fóònù, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ń ti ẹ̀gbẹ́ kan tàn sí wọn lójú. Ọmọ mi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá mọ́ra wọn, Bàbá sì ń dáhùn.

"Yọ bátìrì ná. Ó ti yọ? Ó dáa. Gbóòórùn rẹ̀."

"Kò rùn, Bàbá àgbà."

"Fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èwo ló gbóná?"

"Kò sí."

"Ẹn-ẹ́n. Nígbà náà, kò sóhun tó jó. Má sunkún mọ́. Nǹkan kan ló kọjú sódì. Kapásítọ̀ yẹn, ìlà kan wà lára rẹ̀. Ibo ló kọjú sí?"

Ó wò ó. Ìlà náà kọjú sí ara 555. Bàbá ní ìlà yẹn ni apá òdì rẹ̀, ibi ìdí bátìrì ló yẹ kó máa wò. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà méjì tó dọ́gba ni kapásítọ̀ tó lò. Kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn, bó ṣe wù kó kọjú sí, á ṣiṣẹ́. Ti gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yí i padà, ó fi bátìrì sí i. Iná pupa náà tàn. Ó kú. Ó tàn.

Ọmọ mi pariwo. Bàbá náà pariwo nínú òkùnkùn Ìbàdàn.

Ọwọ́ Bàbá

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n. Ọdún kẹta rèé tí wọn kò ti lè di ayọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ òjé mú. Wọ́n ti kó irinṣẹ́ wọn fún ọmọkùnrin kan ládùúgbò. Wọn kò ráhùn sí mi rí, èmi náà kò sì béèrè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí iná yẹn ṣẹ́jú, wọ́n ní kí n má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ní, "Nǹkan tó ń lò yẹn, ṣé mo lè rí i lórí tábílẹ́ẹ̀tì mi?"

Ó ṣeé ṣe. Sọ́fítíwíà Falstad yẹn lè sọ sẹ́kíìtì di líǹkì. Ẹ tẹ File, ẹ mú Export As Link, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tó gbà á á tẹ̀ ẹ́, sẹ́kíìtì náà á ṣí níwájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọmọ mi fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lójú tábílẹ́ẹ̀tì, bí ìka bá gbọ̀n, nǹkan kan kì í jó. Ẹ máa tún un fà ni.

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n kó èyí tó lè wúlò fún yín jọ. Bí ẹ bá ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Linux lè jí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ ti lè rí iná tó ń rìn. KiCad àti ngspice á dúró dè é. Inú Software Manager tàbí ojú ìwé àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà náà gan-an ni kí ẹ ti mú un, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ojú ìwé tí ẹ kò mọ̀. Tí ó bá di ti gidi, bátìrì kékeré nìkan ni o. Kí ọmọ má fi iná ara ògiri dán nǹkan kan wò. Kí ẹ sì wá àgbàlagbà kan nínú ẹbí tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan, ìbáà ṣe rédíò, ìbáà ṣe aṣọ rírán, ìbáà ṣe aró, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ ní ìbéèrè tí òun nìkan lè dáhùn. Ìbéèrè "Iléèwé ńkọ́?" kò lè gbé èdè dúró.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ẹtì yẹn, fóònù ọmọ mi dún lórí tábìlì oúnjẹ àárọ̀. Bàbá ni. Líǹkì kan ni wọ́n fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: Ààlọ́ o!

Ó ṣí i. Sẹ́kíìtì tirẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n Bàbá ti fi àìsàn kan pamọ́ sínú rẹ̀. Gílóòbù náà tàn, kò kú mọ́. Ọmọ mi gbàgbé oúnjẹ, ó ń fi ìka tọ wáyà kọ̀ọ̀kan. Ó wá yíjú sí mi pé, "Mọ́mì, kí ni wọ́n ń dáhùn tí wọ́n bá sọ báyìí?"

Mo sọ fún un. Ó kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́: Ààlọ̀!

Láti ìgbà náà, àlọ́ kan ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun náà ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ọjọ́ méjì ló gba Bàbá. Wọ́n ní ọmọ náà ti fẹ́ di ọ̀gá àwọn.

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà ilé. Ó dàbọ̀ o.